Àga Kò Hàn Níbẹ̀

Dókítà eyín ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dá àpárá. Ó wá sí ìsọ̀ Bàbá Tìmùtìmù nítorí àwọn àga tí àwọn aláìsàn rẹ̀ máa ń jókòó sí kó tó kàn wọ́n. Ó ti yan àwọ̀, ó ti fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù wò, ó kù kí wọ́n fẹnu kò sí ọjọ́ tí yóò wá kó wọn. Ìgbà tó gbójú sókè tó wo baba náà dáadáa ló bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ó ní, ó ń nu omijé. "Àbí ẹ̀yin kọ́ nìyí?"

Ó na fóònù rẹ̀ sí i. Orí ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, orí nìkan, kò sí ọrùn, kò sí èjìká. Ojú rẹ̀ dì pa, ẹnu rẹ̀ là gbàgà débi pé ẹni tó bá fẹ́ lè ka eyín inú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà pé: MO Ń GBỌ́ YÍN.

"Ẹ ò mọ̀ pé ẹ ti lókìkí ni? Kò sẹ́ni tí kì í lo sítíkà yín. Bí ọ̀gá wa bá ti kọ ọ̀rọ̀ gígùn ránṣẹ́, ẹ̀yin la fi ń dá a lóhùn." Ó tún wo fóònù náà, ojú rẹ̀ wá yí padà sí ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́. "Eyín yín kan wà lókè lápá ọ̀tún tí mi ò fẹ́ràn rárá. Ẹ yà lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ yìí."

Bàbá Tìmùtìmù kì í ṣe ẹni tí à ń fi rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń kan àga, tó ń ki fóòmù bọ̀ ọ́, tó ń fi aṣọ bò ó, ibi tí wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn. Ṣáátì lílọ̀ ló máa ń wọ̀ kó tó gbé òòlù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá pe Àńtí Kékeré.

Àńtí Kékeré ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti tó ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí máṣíìnì ló ń jókòó sí nínú ìsọ̀ bàbá rẹ̀, òun ló ń rán aṣọ àga, òun náà ló sì ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bó ṣe rí ojú bàbá rẹ̀, ó ti mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ bá òun.

"Bàbá, eré ni mo fi ṣe o," ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bi í. "Gúrúùpù ẹbí nìkan ni mo fi sí. Àbúrò yín ló kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé yẹn tí kò lópin. Mo kàn ní kí n fi dáhùn ni. Àṣé òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó fi ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ rẹ̀."

"Ìgbà wo lo yà mí?"

"Ọjọ́ tí ẹ parí àga."

Baba náà yíjú sí àga náà. Ẹ̀yìn ìsọ̀ ló wà, lábẹ́ fèrèsé, àga aláwọ̀ ewé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga tí bọ́tìnnì sì tò sí i lára. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń ṣe àga tí ẹlòmíràn ń jókòó sí. Èyí nìkan ló ṣe fún ara rẹ̀. Ó kàn án, ó tú u, ó tún un ṣe, ìgbà tó sì gbà pé ó ti pé, ó jókòó sí i láti dán an wò. Ibẹ̀ loorun ti gbé e lọ.

"Àga ńkọ́?" ó bi í. "Mi ò rí àga nínú àwòrán yìí."

"Mo gé e kúrò ni, Bàbá. Àga ò pa èèyàn lẹ́rìn-ín."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ẹ̀rín dókítà lọ. Gbogbo ayé ti rí ọ̀fun rẹ̀, wọn ò rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kí ó bá òun wá àwòrán tó pé pérépéré jáde, èyí tí àga wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà tẹjú mọ́lẹ̀. Fóònù tó fi yà á ti já sínú agolo gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ fóòmù, kò sì jí mọ́ láti ọjọ́ náà. Orí nìkan ló kù láyé.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn tí Alákòójọ fi kọ̀wé sí wọn. Àwọn ló sọ ọ́ ní Alákòójọ, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ra àwòrán orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó sì máa kó wọn jọ bí àwọn mìíràn ṣe ń kó àwo jọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní ológbò tó ń lu dùùrù wà lọ́wọ́ òun, ọmọ tó ń sunkún níwájú àkàrà òyìnbó wà lọ́wọ́ òun. Mo-Ń-Gbọ́-Yín ló kù. Ó ti béèrè lọ́wọ́ èyí, ó ti béèrè lọ́wọ́ tọ̀hún, títí ó fi kan àbúrò bàbá, ibẹ̀ ni wọ́n ti júwe ìsọ̀ wọn fún un. Ó fẹ́ ra ojúlówó.

"Àwòrán tó wà lọ́wọ́ gbogbo ayé," ni Bàbá Tìmùtìmù wí, "kí ló fẹ́ fowó rà níbẹ̀?"

"Wọn á kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé ti lè rí i pé òun ló ni ojúlówó, Bàbá. Ẹ̀dà ló máa wà lọ́wọ́ àwọn tó kù."

"Èmi ni ojúlówó. Bó bá rà mí tán, níbo ni n ó máa sùn?"

Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Ìsọ̀, gbé ọwọ́ kúrò nínú òwú tó ń tú. "Ẹni tó lẹrú ló lẹrù," ó ní. "Ta ló ti ń gbọ́ ohun tó ń ti inú ẹnu yẹn jáde láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé mi níyàwó? Bí wọ́n bá fẹ́ tà á, ẹ má gbàgbé ìpín tèmi o."

"Ẹnikẹ́ni ò ta nǹkan kan. Ẹnu ẹni la fi ń kọ méè jẹ." Ó gbé òòlù rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọ̀rọ̀ kò parí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Alákòójọ tún kọ̀wé, ó ní òun kò mọ ohun tí òun yóò gbàgbọ́ mọ́, nítorí ọkùnrin kan ti jáde ní ìlú mìíràn tó ní òun gan-an ni Mo-Ń-Gbọ́-Yín. Ó fi fídíò ọkùnrin náà ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Baba onírùngbọ̀n funfun kan ló jókòó sórí àga, ó kí àwọn òǹwòran, ó di ojú, ó wá la ẹnu. Ẹnu náà là dáadáa, ká má purọ́. Àńtí Kékeré sọ ọ́ ní Ẹlẹ́nu Kejì lójú ẹsẹ̀.

Bàbá Tìmùtìmù gba fóònù náà, ó wò ó, ó tún un wò. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ.

"Ẹnu mi!" ló pariwo. "Olè! Ẹnu mi lọkùnrin yìí ń là kiri!"

"Ẹ ò sọ pé ẹ ò fẹ́ ẹ lánàá ni?" Màmá Ìsọ̀ bi í.

"Pé mi ò fẹ́ ẹ kò ní kó di tirẹ̀!"

Bẹ́ẹ̀ lọmọ aráyé rí. Nǹkan tí a fẹ́ jù sí ààtàn, kí ẹlòmíràn má kàn bẹ̀rẹ̀ mú un. Baba tó ń tijú sítíkà yẹn tẹ́lẹ̀ wá ń fi han ẹni tó wá ra ìṣó, ó ń bi í pé kó wò ó dáadáa, ta ló jọ.

Ṣùgbọ́n báwo ni wọn yóò ṣe mọ ojúlówó? Sítíkà náà ti ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ débi pé ó ti ń ṣú, irùngbọ̀n funfun méjèèjì sì jọra. Alákòójọ ní ọ̀nà kan ló kù. Kí àwọn méjèèjì wá sórí ìpè fídíò lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, kí oníkálùkù jókòó sórí àga rẹ̀, kó sùn. Òun yóò wò wọ́n. Ẹni tí oorun rẹ̀ bá jẹ́ oorun inú àwòrán, òun ló ni ẹnu.

Bàbá Tìmùtìmù rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ wo ló wà nínú kí ènìyàn sùn? Ó ti sùn níbi ìpàdé, ó ti sùn lórí ìlà ní báńkì. Ó lọ jókòó sórí àga rẹ̀ láti dán an wò, ó di ojú, ó sì ń retí. Oorun kò wá. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó gbọ́ ìró gbogbo ọkọ̀ tó kọjá ní títì.

Láti ọjọ́ náà lọ, ojú rẹ̀ là kedere bíi ti ẹni tó jẹ gbèsè. Màmá Ìsọ̀ se oúnjẹ wúwo fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ń wo òrùlé. Wọ́n fún un ní mílíìkì gbígbóná. Wọ́n tan ohùn àbúrò rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi ìpàdé ẹbí, èyí tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ dé ìparí rí. Òun gbọ́ ọ dé ìparí. Ó tilẹ̀ ní àbúrò òun sọ nǹkan gidi níbì kan.

Ló bá pinnu pé bí oorun kò bá wá, òun yóò ṣe é bí ẹni pé ó wá. Ó ní kí wọ́n gbé sítíkà náà síwájú òun, ó ń wò ó, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n.

"Ìyẹn kọ́," ni Màmá Ìsọ̀ wí láti ibi tó dúró sí. "Ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín fún lẹ jọ yẹn. Ẹ jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ wó sápá òsì díẹ̀."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí mo ṣe ń sùn?"

"Ta ló tún máa kọ́ yín? Ẹ̀yin fúnra yín ò rí i rí."

Òótọ́ ni, ìyẹn ló sì bí i nínú jù. Gbogbo ayé ló mọ oorun rẹ̀ àfi òun. Baba ń ṣe àfarawé ara rẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀sán Sátidé dé. Àńtí Kékeré gbé fóònù tuntun rẹ̀ ti òkìtì aṣọ lórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ, ó jókòó sórí ìdì fóòmù. Màmá Ìsọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri. Alákòójọ yọ lójú fóònù, ọkùnrin tó tíńrín, tó jókòó nínú yàrá funfun kan tí kò sí àwòrán kankan lára ògiri rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní kí wọ́n má bínú bí òun bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ti pẹ́ tí òun ti sùn dáadáa gbẹ̀yìn, oògùn ni òun ń lò, oògùn náà sì ti ń sú òun.

"Ẹ lè bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin baba."

Kó tó sọ ọ́ tán, Ẹlẹ́nu Kejì ti sùn. Oorun náà dán! Ẹnu là bó ṣe yẹ kó là, ìhanrun ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Tìmùtìmù la ojú kan wò ó, ọkàn rẹ̀ já. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá jẹ́ adájọ́, ọkùnrin yẹn ni òun yóò mú.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá?" Alákòójọ béèrè.

"Ó ń bọ̀," ni Bàbá Tìmùtìmù wí. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún un là. Ó rí i pé ọmọ òun ti fi ọwọ́ bo ojú, ìtìjú sì bò ó. Ó dìde jókòó dáadáa.

"Ẹ gbọ́, mi ò lè parọ́ oorun. Ọjọ́ tí wọ́n yà mí yẹn, èmi kọ́ ni mo sùn. Àga ló fi oorun kùn mí."

"Àga wo?"

"Háà! Ẹ rí i? Ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé àga wà níbẹ̀!"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un. Bí Bàbá Tìmùtìmù bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀, kì í yára, kì í sì í fo nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí igi, bí òun ṣe jẹ́ kó gbẹ ní ìbòòji, kì í ṣe nínú oòrùn. Ó dé orí sípíríńgì, bí wọ́n ṣe ń fi okùn so ọ̀kan mọ́ èkejì, ọ̀kan mọ́ èkejì. Ó dé orí òwú, bí wọ́n ṣe ń tú u pẹ̀lú ọwọ́ kó má bàa ní kókó, bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ, tí wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí, tí wọ́n tún ń tẹ́ ẹ. Inú rẹ̀ ń dùn. Kò sẹ́ni tó dá a dúró, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ sí i rí nínú ilé yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dé orí bọ́tìnnì, ibi tó dùn jù lọ nínú ọ̀rọ̀ náà, ló bá gbójú sókè.

Àńtí Kékeré ti wó sórí ìdì fóòmù. Màmá Ìsọ̀ ti ń hanrun lára ògiri. Ẹlẹ́nu Kejì, oorun òótọ́ ti gbé e wàyí, ẹnu rẹ̀ sì pa dé típẹ́típẹ́ bí àpò tí wọ́n rán, orí rẹ̀ ṣubú sórí èjìká. Nínú yàrá funfun, ọrùn Alákòójọ ti ṣẹ́ sẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ là. Ó là ju ti sítíkà lọ. Itọ́ díẹ̀ ti ń rìn bọ̀ létí ètè rẹ̀.

Inú kọ́kọ́ bí Bàbá Tìmùtìmù nítorí bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà ló wá na ìka, ó tẹ fóònù bí ọmọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó ya àwòrán ohun tó wà lójú rẹ̀. Ìró kékeré dún. Ìró yẹn ló jí Alákòójọ.

Ó nu ẹnu rẹ̀. Ó wò yíká bí ẹni tó ti ìrìn-àjò dé. "Mo sùn?"

"Ẹ sùn."

"Láìlo oògùn?" Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ tàn, kó tó di pé nǹkan mìíràn sọ sí i lọ́kàn. "Bàbá… kí ló dún yẹn? Ẹ yà mí?"

"Mo yà yín."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tà á fún mi," ni Alákòójọ wí. "Iye tí mo fẹ́ san lórí tiyín, mo lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn èèyàn mi bá rí i, mi ò ní lè jókòó láàárín wọn mọ́."

Bàbá Tìmùtìmù wo ojú ọkùnrin náà. Ó mọ ohun tó ń ṣe é, nítorí ó ti ṣe òun náà rí lójú dókítà eyín. Àánú rẹ̀ ṣe é gidigidi, ṣùgbọ́n kò ní kó má jẹ ìgbádùn rẹ̀ díẹ̀.

"Mi ò tà á," ó ní. "Kan ṣoṣo ló wà láyé, ọwọ́ mi ló wà. Èmi náà ti di alákòójọ." Ó rí i bí àyà ọkùnrin náà ṣe já, ó wá fi ohùn tó rọ̀ parí rẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa rí i. Mi ò sì ní gé orí yín kúrò lọ́rùn."

Alákòójọ tẹrí ba. Ìgbà tó gbé e sókè, ẹ̀rín ti ń wá sí i lẹ́nu. Ó ní ìdájọ́ òun ti parí. Òun ti ń wò ó bọ̀, ẹni tó bá ń fara wé nǹkan, ó máa ń mọ̀ ọ́n ṣe nígbàkígbà tí wọ́n bá pè é. Ẹni tó ni ín kì í mọ bí òun ṣe ń ṣe é. Yàtọ̀ síyẹn, oorun máa ń ràn ni, ẹni tó bá ní in ló sì lè fi ran ẹlòmíràn. Òun yóò ra sítíkà náà lọ́wọ́ baba, àní orí lásán tó ṣú yẹn, bí baba bá lè tà á.

"N ó tà á," ni Bàbá Tìmùtìmù wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ó kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀ fún mi."

Ohun tí wọ́n kọ nìyí, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní: ÀGA KÒ HÀN NÍBẸ̀.

Ẹ ò mọ ọmọ aráyé ni? Bí ẹ bá fi nǹkan hàn wọ́n, wọn kì í wò ó. Bí ẹ bá ní kò hàn, wọn á béèrè pé ibo ló wà. Láàárín ìgbà díẹ̀, àwọn èèyàn tí kò mọ Bàbá Tìmùtìmù rí bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé àga wo? Àwọn kan fi àga tiwọn sábẹ́ orí rẹ̀, wọ́n búra pé òun nìyẹn. Àwọn mìíràn wá sí ìsọ̀ fúnra wọn, wọ́n rí i, wọ́n jókòó sí i, ó wá di wàhálà láti jí wọn. Ẹlẹ́nu Kejì pè, ó tọrọ àforíjì, ó ní kí wọ́n bá òun ṣe irú rẹ̀, nítorí òun kò sùn bẹ́ẹ̀ yẹn rí. Dókítà eyín náà wá kó àga rẹ̀. Nígbà tó yá, ó pè, ó ní láti ìgbà tí òun ti gbé wọn dé, òun kì í bẹ aláìsàn kó la ẹnu mọ́.

Àwòrán Alákòójọ wà nínú fóònù Bàbá Tìmùtìmù. Àńtí Kékeré ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi han òun. Kò fi hàn án.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iṣẹ́ dẹwọ́, baba náà lọ jókòó sórí àga rẹ̀. Ó di ojú. Ẹnu rẹ̀ là fúnra rẹ̀, ètè ìsàlẹ̀ wó sápá òsì, bó ṣe yẹ kó rí gan-an, kò sì tíì sùn. Ó gbọ́ tí máṣíìnì dákẹ́. Ó gbọ́ sílípáàsì ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ó gbọ́ tó dúró níwájú òun. Ó mọ̀ pé fóònù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń retí ìró kékeré yẹn.

Ìró náà kò dún.

"Bàbá," ọmọ náà fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ béèrè, "ṣé kí n yà á?"

Kò béèrè bẹ́ẹ̀ rí. Nǹkan kan tú lọ́kàn baba náà, ṣùgbọ́n kò la ojú.

"Sún sẹ́yìn díẹ̀," ó ní, "kí àga lè hàn."